Bí ẹ̀dá ṣe ń wáyé nínú Python: Iṣẹ́ __new__, iṣẹ́ __init__, àti ibi tí owó àwọn oníbàárà alájọ ti pò mọ́ra wọn

Ẹ jẹ́ ká ní alájọ kan wà ní ọjà tó ní ọgọ́rùn-ún oníbàárà. Láràárọ̀ ló máa ń yí ìsọ̀ wọn ká, tí yóò gba owó lọ́wọ́ oníkálukú, tí yóò sì fi bírò sàmì sí káàdì ẹni náà. Bí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà wá sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ ètò kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ káàdì yìí fún yín." Èdè Python ló fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo dán an wò, kò sí wàhálà kankan. Àfi ìgbà tó fi orúkọ ẹnì kejì sí i ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àdùkẹ́ dá N1,000, Bísí dá N5,000, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé èló ni oníkálukú ní, N6,000 ni ó pè fún Àdùkẹ́, N6,000 náà ni ó sì pè fún Bísí.

Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò ya wèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ náà kò mọ ìgbà tí Python máa ń dá nǹkan sílẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ni ohun tí ó bá dá. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ èdè yìí lóde òní ni wọ́n ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Python ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CWI nílùú Amsterdam. Ọdún 1991 ni ó gbé e jáde fáráyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ejò ńlá nì ló fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Eré ẹlẹ́fẹ̀ kan tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Monty Python's Flying Circus, ni ó ti mú orúkọ náà. Kíláàsì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe Python ló kọ́kọ́ mú un wá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Norway méjì, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ nínú èdè Simula ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2001.

Kí ni kíláàsì? Ẹ wo àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi mọ́ọ̀dù kọ́lé. Mọ́ọ̀dù ni kíláàsì. Ohun tí a bá fi ṣe, tó dá dúró, tó ní ti ara rẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní object, àwa yóò sì máa pè é ní ẹ̀dá nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá fẹ́ ṣe kíláàsì fún oníbàárà alájọ wa, bí a ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

class Onibara:
    def __init__(self, oruko, owo_ojumo):
        self.oruko = oruko
        self.owo_ojumo = owo_ojumo
        self.akosile = []

aduke = Onibara("Àdùkẹ́", 1000)

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ibi tí iṣẹ́ wà. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ojú rí lọ.

Ọ̀pọ̀ ìwé àti olùkọ́ ni wọ́n máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé __init__ ló ń dá ẹ̀dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pé, kíkùnà tó sì kùnà yìí ló máa ń kó èèyàn sí wàhálà lẹ́yìn ọ̀la. Nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ti délé, ó ti ń mu ọmú, kó tó di pé ọjọ́ kẹjọ pé tí wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ jáde. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Ṣùgbọ́n ìyówù kó jẹ́, ìbí ló ń ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Python ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní __new__, òun ni ó ń bí ẹ̀dá. __init__ ni ìsọmọlórúkọ: ó bá ẹ̀dá nílẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ, owó, àti ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ, báyìí ló rí. Bí Python bá rí i pé a kọ orúkọ kíláàsì, tí a sì fi àkámọ́ tẹ̀lé e, yóò lọ bá ẹni tó bí kíláàsì náà fúnra rẹ̀, nítorí pé kíláàsì pàápàá jẹ́ ẹ̀dá nínú Python, ẹni tó sì bí i ni wọ́n ń pè ní type. Type yìí ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ __call__, òun ni alága ètò náà. Alága yóò kọ́kọ́ pe __new__, yóò fún un ní kíláàsì náà, yóò sì fún un ní gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́, ìyẹn "Àdùkẹ́" àti 1000. Nígbà tó jẹ́ pé àwa kò kọ __new__ kankan sínú Onibara, èyí tó wà lọ́dọ̀ object, baba ńlá gbogbo kíláàsì, ni yóò ṣiṣẹ́. Yóò gba àyè nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, yóò lẹ àmì mọ́ ọn pé ọmọ Onibara ni èyí, yóò sì dá a padà ní òfìfo. Alága yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ Onibara ni lóòótọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò pe __init__, yóò gbé ẹ̀dá náà fún un pẹ̀lú ohun kan náà tó wà nínú àkámọ́. Bí __init__ bá ti parí iṣẹ́, ẹ̀dá náà ni alága yóò gbé lé wa lọ́wọ́, tí a ó sì fi orúkọ aduke dì í mú.

Ẹ óò rí i pé self tó wà níbẹ̀rẹ̀ __init__ kì í ṣe ohun àràmàǹdà rárá. Ọmọ tí __new__ bí ni. Kódà, self kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Python fi òfin dè. Àṣà lásán ni. Ẹni tó bá wù lè kọ "ara" síbẹ̀, ètò náà yóò sì ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lè máa bínú sí i. Láti ìgbà tí Python 3.0 ti jáde lọ́dún 2008 ni èèyàn sì ti lè fi lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì abẹ́ rẹ̀ sọ nǹkan lórúkọ nínú ètò. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ class Oníbàárà kò ṣẹ̀ sí òfin kankan.

Ohun kan tó tún ń ti inú ọ̀rọ̀ yìí jáde ni pé __init__ kò gbọdọ̀ dá nǹkan kan padà. Ìdí ni pé kì í ṣe òun ló bímọ, kò sì lè pààrọ̀ ọmọ. Ẹni tó bá kọ return 5 sínú rẹ̀, TypeError ni yóò rí, Python yóò sì sọ fún un pé None ni ó yẹ kí __init__ dá padà.

Mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi tí mo ń kọ èyí fọwọ́ kan Python. Mo kọ kíláàsì mi tán, mo sáré sí i, kọ̀ǹpútà ní "Onibara() takes no arguments", ìyẹn ni pé kíláàsì mi kì í gba nǹkan kan. Mo ka iṣẹ́ náà títí, n kò rí àṣìṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí n tó rí i pé ìlà ìsàlẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo fi sí ẹ̀gbẹ́ init dípò méjì méjì. Python kò mọ _init_ rí. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ lásán kan ni mo fi orúkọ tó wù mí sọ. __init__ ti object nìkan ló wá kù fún kíláàsì náà, èyí tí kì í gba ohunkóhun. Ẹni tó bá rí irú ìkìlọ̀ yẹn, kó kọ́kọ́ ka iye ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ alájọ. Ohun tó kọ rèé:

class Onibara:
    apapo = 0
    akosile = []

    def __init__(self, oruko):
        self.oruko = oruko

    def da_ajo(self, owo):
        self.apapo += owo
        self.akosile.append(owo)

Ojú ẹni tí kò mọ̀ ni yóò máa rò pé gbogbo oníbàárà tí a bá dá ló máa gba akosile tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ class, tí kò sí nínú __init__, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Python ń dá a, ìyẹn nígbà tó ń ka kíláàsì náà fún ìgbà àkọ́kọ́, kí oníbàárà kankan tó wáyé. Mọ́ọ̀dù ló ni ín. Búlọ́ọ̀kù kọ́ ló ni ín. Nígbà tí Àdùkẹ́ bá dá N1,000, Python yóò wo inú ẹ̀dá Àdùkẹ́ bóyá akosile wà níbẹ̀. Kò rí i. Yóò wá wo inú kíláàsì, yóò rí i níbẹ̀, yóò sì kọ 1000 sínú rẹ̀. Bí Bísí náà bá dá N5,000, ọ̀nà kan náà ni Python yóò tọ̀, inú ìwé kan náà ni yóò sì kọ ọ́ sí. Bí ọmọ náà ṣe ń ro gbogbo ohun tó wà nínú akosile pọ̀ kó lè mọ iye tí oníkálukú ní, dandan ni kó rí N6,000 fún àwọn méjèèjì.

Ibi tó tilẹ̀ ti ń tan èèyàn jẹ ni apapo. Abẹ́ class náà ni òun wà, síbẹ̀ kò pò mọ́ra. N1,000 ni ti Àdùkẹ́, N5,000 sì ni ti Bísí. Kí ló fa ìyàtọ̀? Àmì += tó wà lórí apapo ń ka 0 láti inú kíláàsì, ó ń fi owó kún un, ó wá ń fi èsì rẹ̀ pamọ́ sínú self, ìyẹn sínú ẹ̀dá fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, Àdùkẹ́ ti ní apapo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n append kò fi nǹkan kan pamọ́ sínú self. Ìwé tó bá nílẹ̀ náà ló ń kọ sí. Èyí ló fà á tí ẹni tó bá fi nọ́ńbà nìkan dán kíláàsì rẹ̀ wò yóò fi rò pé kò séwu. Ẹ rò ó wò ná: iye tí ètò bá pè ní apapo kò bá àkọsílẹ̀ mu, oníbàárà sì wà níwájú ìsọ̀ tó ń béèrè owó rẹ̀. Ta ni wọn yóò gbà gbọ́?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí á gbé akosile wọ inú __init__, kí á kọ self.akosile = [], bí a ti ṣe nínú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Ìgbàkígbà tí oníbàárà tuntun bá dé ni __init__ ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìgbàkígbà ni yóò máa dá ìwé tuntun.

Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kejì wà tí ọ̀ràn yìí kan náà máa ń gbà wọlé, àwọn tó ti mọ àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń kó sí i. Ẹlòmíràn yóò kọ ọ́ báyìí:

    def __init__(self, oruko, akosile=[]):
        self.akosile = akosile

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá mú àkọsílẹ̀ wá, kí Python fún un ní òfìfo. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Python ka ìlà def yẹn ni ó ti dá àkọsílẹ̀ òfìfo náà, ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì so ó mọ́ iṣẹ́ náà títí ayé ètò náà. Gbogbo oníbàárà tí kò bá mú tirẹ̀ wá ni yóò máa pín ẹyọ kan yẹn lò. Ọ̀nà tó mọ́ ni pé kí á fi None síbẹ̀, kí á wá yẹ̀ ẹ́ wò nínú __init__: bó bá jẹ́ None, kí á dá tuntun.

Ǹjẹ́ ìgbà wo wá ni ó yẹ kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ __new__? Ká sọ òdodo, ó ṣọ̀wọ́n. Èmi kò rí ìdí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò fi kàn án. Ṣùgbọ́n oríṣi ẹ̀dá kan wà tí a kò lè yí padà mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti bí i: nọ́ńbà, ọ̀rọ̀, àti tuple. Bí a bá fẹ́ ṣe oríṣi nọ́ńbà tiwa, tí yóò gba kọ́bọ̀, tí yóò sì sọ ọ́ di náírà, kí __init__ tó dé ni iye náà ti le koko. Inú __new__ ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe é:

class Naira(int):
    def __new__(cls, kobo):
        return super().__new__(cls, kobo // 100)

Bí a bá kọ Naira(250000), 2500 ni a ó rí. Ẹ kíyè sí i pé cls ni ó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe self, nítorí pé lákòókò yẹn, wọn kò tíì bímọ. Ẹ sì kíyè sí return: ẹni tó bá kọ __new__ tó gbàgbé láti dá ọmọ padà, None ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan a tún máa lo __new__ kí ẹ̀dá má baà ju ẹyọ kan lọ, bíi pé kí àpótí owó alájọ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ètò. Wọ́n á ní kí __new__ máa dá ẹ̀dá àkọ́kọ́ padà ní gbogbo ìgbà. Ó dára, ṣùgbọ́n alága ètò kò mọ̀ pé ọmọ àtijọ́ ni wọ́n gbé wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọmọ kíláàsì náà ni, ó tún pe __init__ lé e lórí. Bí __init__ bá kọ self.owo = 0, gbogbo owó tó ti wà nínú àpótí ti lọ nìyẹn. Ní ìdàkejì, bí __new__ bá dá ohun mìíràn padà tí kì í ṣe ọmọ kíláàsì náà, alága kò ní pe __init__ rárá, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ogún náà ní tirẹ̀. Ká ní a ṣe kíláàsì OnibaraNla tó jẹ́ ọmọ Onibara, tí a sì kọ __init__ tirẹ̀ fún un. Èdè Java a máa rí i dájú pé ti òbí ṣiṣẹ́ kí ti ọmọ tó ṣiṣẹ́; Python kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ti ní __init__, ti òbí dákẹ́ nìyẹn, àfi bí a bá fi ẹnu ara wa pè é pẹ̀lú super().__init__(oruko, owo_ojumo). Ẹni tó bá gbàgbé yóò gbọ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà ńlá bá kọ́kọ́ dá owó pé "'OnibaraNla' object has no attribute 'akosile'". Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a, kò sọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí a sọ pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo èyí wọ Python. Oṣù Kejìlá ọdún 2001, nínú Python 2.2, ni __new__ dé. Ṣáájú ìgbà náà, kíláàsì tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àti oríṣi tó bá èdè náà wá, bíi nọ́ńbà, kì í ṣe ẹbí kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kọ class Onibara(object) kó tó lè wọ ẹbí tuntun. Python 3.0 ló sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020 ni wọ́n sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Python 2 dúró, nítorí náà bí ẹ bá rí object yẹn nínú ìwé àtijọ́, kò ṣèpalára, ṣùgbọ́n kò pọn dandan mọ́.

Lọ́dún 2018, Python 3.7 mú dataclass wá, èyí tó ń bá èèyàn kọ __init__ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe ọmọ alájọ ni wọ́n ní lọ́kàn níbẹ̀: bí ẹ bá kọ akosile: list = [] sínú rẹ̀, kò ní gbà. Ìkìlọ̀ ni yóò gbé jáde lójú ẹsẹ̀ pé kí ẹ lo default_factory, ìyẹn ni pé kí ẹ sọ ọ̀nà tí yóò máa gbà dá tuntun fún oníkálukú. Bí ó bá sì ku iṣẹ́ díẹ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe lẹ́yìn __init__ tó kọ, __post_init__ ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Ó ku ibì kan tí ìbí ti máa ń wáyé láìsí ìsọmọlórúkọ. Bí ètò alájọ bá ń fi pickle kó àwọn oníbàárà rẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní alẹ́, tó sì ń kó wọn jáde láàárọ̀, Python kì í sábà pe __init__ nígbà tó bá ń kó wọn jáde. Ó ń bí wọn, ó sì ń dá ohun tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ padà fún wọn. Nítorí náà, bí ọmọ alájọ bá fi self.foonu kún __init__ lónìí, àwọn oníbàárà tuntun yóò ní fóònù, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ àti Bísí tí wọ́n ti wà nínú àpamọ́ láti oṣù tó kọjá kò ní í ní, bí ètò náà bá sì béèrè fóònù wọn, AttributeError ni yóò rí. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ __setstate__ ni wọ́n ṣe fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti máa yẹ oníbàárà àtijọ́ kọ̀ọ̀kan wò bí ó bá ti ń jáde, tí yóò sì fi foonu = None sí ara ẹni tí kò bá ní.